Ẹ Ṣírò Kí Ẹ Tó Ra Aṣọ ní Lomé

Ẹ̀yin oníṣòwò aṣọ tí ń lọ sí Lomé, ẹ rántí àwọn Nana Benz. Àwọn obìnrin tí ń ta àǹkárá Họ́láńdì níbẹ̀ ni. Èrè rẹ̀ ni wọ́n fi ra ọkọ̀ Mercedes-Benz. Ní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó sẹ́fà kù sí ìdajì. Àǹkárá Họ́láńdì wọ́n gógó, ọjà wọn kò yá mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó rà, ẹ béèrè iye sẹ́fà tí náírà ń rà lọ́jọ́ náà. Ẹ yí aṣọ wò. Bí àwòrán kò bá hàn ní ẹ̀yìn bí ti ojú, kì í ṣe ojúlówó.

Ẹ kọ owó aṣọ, owó ọkọ̀, owó alábàárù àti owó ẹnubodè sílẹ̀. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ pín in sí iye aṣọ. Bí ẹ bá tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jèrè. Bí kò bá tó o, ẹ pàdánù.