Àyàn Mẹ́ta Nínú Ìṣètò Amplifáyà Hẹ́dífóònù: Ìgbògbò Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáàrà

Amplifáyà hẹ́dífóònù ni ẹ̀rọ kékeré tí ó ń sọ àmì ohùn tí kò lágbára di èyí tí ó lè mú hẹ́dífóònù sọ̀rọ̀ ketekete. Èrò tí ìwé yìí gbé kalẹ̀ ni pé ibi tí a ó ti lo ẹ̀rọ náà ni ó yẹ kí ó pinnu ìṣètò rẹ̀. Ìgbògbò, ní agbègbè Ìkòròdú, bá àlàyé yìí mu: bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà, ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba nìkan kò lè fọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Voice of Nigeria, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, fi Ìkòròdú ṣe ibùdó ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlò iná

Nínú kíláàsì A, tiránsísítọ̀ kì í sinmi rárá. Ohùn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná gan-an. Nínú kíláàsì AB, tiránsísítọ̀ méjì ni ó pín iṣẹ́ náà ṣe. Ìwọ̀nba iná díẹ̀ ni ó ń ṣàn nínú wọn nígbà tí ohùn bá dákẹ́, kí ohùn má baà já níbi tí ọ̀kan ti ń gbé iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́. Bátìrì 500 mAh yóò lo wákàtí 5 bí ẹ̀rọ bá ń gba 100 mA. Bí ó bá jẹ́ 10 mA ni, yóò lo wákàtí 50. Kíláàsì AB ni ó yẹ Ìgbògbò.

Kapásítọ̀ ẹnu àbájáde

Bí bátìrì bá jẹ́ ẹyọ kan, 4.5 V nínú 9 V ni yóò máa wà ní ẹnu àbájáde, èyí tí ó lè jó wáyà inú hẹ́dífóònù. Kapásítọ̀ ni ó ń dí i lọ́nà. Bí kapásítọ̀ náà bá kéré jù, ohùn ìsàlẹ̀ yóò rẹ̀yìn: pẹ̀lú hẹ́dífóònù 32 ohm, 47 µF yóò mú un rọ̀ láti nǹkan bí 106 Hz lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n 220 µF yóò sọ ààlà náà di 23 Hz. Bátìrì méjì lè mú kapásítọ̀ kúrò; àmọ́ bí ọ̀kan bá kú ṣáájú èkejì, hẹ́dífóònù lè fara gbá a. Nítorí náà, 220 µF ni ó láàbò jù.

Ìgbì rédíò

Okùn hẹ́dífóònù a máa ṣe bí eríàlì. Nítòsí ibùdó ńlá, ìgbì kúkúrú lè gba ẹnu àbájáde padà wọ inú ẹ̀rọ, kí tiránsísítọ̀ sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí etí ń gbọ́. Rẹsísítọ̀ ńlá ní ẹnu àbájáde lè dín in kù, ṣùgbọ́n bí ó bá ju ìdá kan nínú mẹ́jọ hẹ́dífóònù lọ, ìyẹn 4 ohm fún 32 ohm, ó lè yí adùn ohùn padà. Òrùka ferrite lára okùn sàn jù ú lọ.

Ìgúnlẹ̀

Nínú àyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ó mọ́ jù lórí ìwé kọ́ ni ó borí. Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ pẹ́, tí kò ba hẹ́dífóònù jẹ́, tí kò sì gba ohùn tí a kò pè, ni ó bá Ìgbògbò mu.