Ààtàn Ló Tú Àṣírí Ilé Oko Yìí

Ẹ gbọ́ ná: tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́ ilé, ṣé ẹ máa kó ààtàn sínú ògiri rẹ̀? Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á pé àwọn àgbẹ̀ kan ní Scotland ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún.

Knap of Howar ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ó wà ní Papa Westray, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Orkney ní àríwá Scotland. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé èèyàn láti Westray lọ síbẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Kẹ́ ẹ tó de bẹ́líìtì tán, ẹ ti dé!

Ilé méjì ló wà nínú oko náà. Wọ́n fara ti ara wọn, ọ̀nà tóóró kan sì gba inú ògiri já láti ọ̀kan sí èkejì. Èyí tó tóbi gùn tó mítà 10, ó sì fẹ̀ tó mítà 5. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n nà ró ni wọ́n fi pín in sí yàrá méjì. Nínú yàrá ti inú, ọlọ ṣì wà nílẹ̀. Ọlọ gidi o, tí wọ́n ti fi lọ ọkà títí inú rẹ̀ fi jinlẹ̀. Mo wo àwòrán ọlọ yẹn títí, mi ò lè gbójú kúrò. Ilé kékeré ní tiẹ̀ ní ààrò àti kọ́bọ́ọ̀dù olókùúta nínú ògiri. Òrùlé nìkan ni kò sí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ààtàn. Ògiri náà nípọn tó mítà kan ààbọ̀. Òkúta ni wọ́n tò sínú, òkúta ni wọ́n tò síta, wọ́n wá kó ààtàn dí àárín. Kò sí sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ òkun ibẹ̀ kì í ṣeré. Ààtàn yẹn ló ń dí ihò, tí kì í jẹ́ kí ooru ààrò sá jáde. Sáyẹ́ǹsì kúkú nìyẹn.

Ní àwọn ọdún 1930, William Traill àti William Kirkness gbẹ́ yanrìn tó bo ilé náà kúrò. Wọ́n rò pé ìgbà tí irin ti dé ni wọ́n kọ́ ọ. Ó di àwọn ọdún 1970 kí awalẹ̀pìtàn kan, Anna Ritchie, tó padà lọ tú ààtàn ibẹ̀ wò dáadáa. Ó rí egungun màlúù, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, ó rí egungun ẹja àti ìkarahun, pẹ̀lú àmì pé wọ́n gbin ọkà báálì àti àlìkámà.

Egungun yẹn ni aago. Ohun tó bá ṣì wà láàyè máa ń gba káábọ̀n-14 sára. Tó bá ti kú, kò gbà á mọ́, èyí tó wà lára rẹ̀ á sì máa dín kù: lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5,730, ìdajì ló máa ṣẹ́ kù. Wọ́n wọn ti Knap of Howar, ó sì bọ́ sí nǹkan bí ọdún 3700 sí 2800 kí wọ́n tó bí Jésù. Àwọn àgbẹ̀ yìí ti ń lọ ọkà kí ẹnikẹ́ni tó ronú Píràmídì Giza! Àṣìṣe àwọn ará ìṣáájú lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, o jàre.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni òkun. Nígbà tí èèyàn ń gbé inú ilé yìí, etí omi kò sún mọ́ ọn tó báyìí. Omi ti jẹ ilẹ̀ títí ó fi dé iwájú ilé. Ìjì àti omi tó ṣí yanrìn kúrò tí a fi rí ilé náà kò tíì ṣíwọ́, ẹnu ọ̀nà ilé méjèèjì sì kọjú sí wọn.