Ibi Tí A Ó Pa Àkọsílẹ̀ Àwọn Ère Èsìẹ́ Mọ́ Sí

Àwọn ère òkúta Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Mùsíọ́mù tí a ṣí fún wọn ní ọdún 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bí olùṣètò kọ̀ǹpútà kan bá fẹ́ kọ gbogbo wọn sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbo ni yóò pa àkọsílẹ̀ náà mọ́ sí?

Firebase, tí Google rà ní ọdún 2014, yá láti bẹ̀rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, fóònù yóò máa gba iṣẹ́ dúró. Bí ó bá dé, yóò fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ẹni tí ó wà láàrin àwọn ère. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí a bá ka àkọsílẹ̀ lè wà lára ohun tí a fi ń ṣírò owó.

Orí PostgreSQL ni Supabase dúró lé. Ó rọrùn níbẹ̀ láti so ère kan pọ̀ mọ́ àwòrán rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ibi tí ó ti fọ́. A sì lè kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀ràn kíkó lọ yìí kì í ṣe eré: Facebook ra Parse ní ọdún 2013, ó sì tì í pa ní 2017, àwọn tí ń lò ó ní láti kó ẹrù wọn kúrò.

Fún àkọsílẹ̀ tí ó yẹ kí ó pẹ́ ju ẹni tí ó ṣe é lọ, PostgreSQL ni ó yẹ, bí olùṣètò náà tilẹ̀ ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ètò tí fóònù yóò fi máa pa iṣẹ́ mọ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí.