Bí Alùpùpù Púpọ̀ Ṣe Lè Jọ Rìn Lójú Pópó Láìséwu

Bí alùpùpù mẹ́fà tàbí méje bá jọ ń lọ lójú pópó, ọlọ́kọ̀ tètè ń rí wọn ju ẹyọ kan lọ. Àǹfààní ńlá nìyẹn. Ìwádìí tí Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Southern California gbé jáde lọ́dún 1981, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ìjàǹbá alùpùpù bí 900 wò fínnífínní ní agbègbè Los Angeles, fi hàn pé nígbà tí alùpùpù àti ọkọ̀ mìíràn bá kọlu ara wọn, ọlọ́kọ̀ ló jẹ̀bi nínú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ó já wọ ọ̀nà tó tọ́ sí alùpùpù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì rí i rárá. Ṣùgbọ́n rírìn pọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó ń dá lọ, ọ̀nà nìkan ló ń ṣọ́. Ẹni tó wà láàárín ẹgbẹ́ ń ṣọ́ ọ̀nà, ó ń ṣọ́ ẹni iwájú, ó tún ń ṣọ́ ẹni ẹ̀yìn. Àlàfo tó wà láàárín wọn ló ń dáàbò bò wọ́n, kì í ṣe pípọ̀ wọn.

Kí wọ́n tó gbéra ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fẹnu kò lórí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà àti ibi tí wọ́n ti máa ra epo, alùpùpù tí táǹkì rẹ̀ kéré jù ni wọ́n sì máa fi díwọ̀n ìyẹn. Wọ́n á wo táyà, bíréèkì, ṣéènì àti iná. Motorcycle Safety Foundation, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1973 láti máa kọ́ àwọn ènìyàn ní gígun alùpùpù, dámọ̀ràn pé kí ẹgbẹ́ kan má ju ènìyàn márùn-ún sí méje lọ. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pín ara wọn, kí ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní aṣíwájú àti akẹ́yìn tirẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó mọ ọ̀nà ló yẹ ní aṣíwájú, kì í ṣe ẹni tó lè sáré jù. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn aṣíwájú gan-an, kí eré rẹ̀ lè jẹ́ òdiwọ̀n fún gbogbo wọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tó ti máa forí ṣe fọrùn ṣe kó má bàa sọnù.

Lójú ọ̀nà tó tọ́, tó sì dára, aṣíwájú máa ń wà ní apá òsì ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, nítòsí ìlà àárín títì. Ẹni kejì á wà ní apá ọ̀tún, ẹni kẹta á padà sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa tò lọ dé ẹ̀yìn, bí ipasẹ̀ ẹni tó rìn kọjá lórí iyanrìn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkọ̀ ti ń gba apá òsì títì, apá ọ̀tún ni aṣíwájú máa ń wà. Kò yẹ kí wọ́n rìn ní méjì-méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bó ti wù kí ó dùn ún wò tó. Bí kòtò bá yọ lójijì níwájú ẹni tó wà lápá òsì, ibo ni yóò yà sí? Ara ẹnìkejì rẹ̀ ni.

Ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń wọn àlàfo, nítorí pé iye mítà tó pọ̀ tó lórí eré 40 kò tó nǹkan kan lórí eré 100. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú àáyá kan gbọ́dọ̀ wà sí ẹni iwájú tó wà ní apá kejì, kí méjì sì wà sí ẹni iwájú tó wà ní apá kan náà. Láti mọ̀ ọ́n, ẹni ẹ̀yìn á wo ìgbà tí ẹni iwájú kọjá lára òpó iná kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bó bá dé ibi òpó náà kó tó kà á tán, ó ti sún mọ́ ọn jù. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, alùpùpù ń lọ tó mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àkókò yẹn náà sì lè ti tán kí ojú tó rí ewu, kí ọwọ́ tó kan bíréèkì.

Ìṣirò yìí kan náà ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ ńlá léwu. Alùpùpù méje tó bá tò báyìí lórí eré 100 gba nǹkan bí mítà 167 lójú títì. Ogún á gba ju ààbọ̀ kìlómítà lọ. Aṣíwájú wọn lè ti ya kọ́nà kọjá kí akẹ́yìn tó mọ̀ pé kọ́nà wà níbẹ̀, ọlọ́kọ̀ tó sì fẹ́ yà kúrò lójú títì kò ní ríbi gbà àfi kó já wọ àárín wọn.

Eré tí kò dọ́gba ló ń fìyà jẹ àwọn ẹni ẹ̀yìn jù. Ká ní aṣíwájú jáde nínú ìlú kan, ó sì gbé eré rẹ̀ láti 50 sí 80 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni kejì kò ní mọ̀ títí àlàfo á fi fẹ̀, á wá sáré ju 80 díẹ̀ kó tó lè bá a. Ẹni kẹta á sáré ju ti ẹni kejì. Nígbà tó bá fi máa kan ẹni keje, ó lè ti máa sáré 100 nínú ìlú tí aṣíwájú rọra là kọjá, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń sọdá. Bí aṣíwájú bá sì dẹ eré lójijì, àwọn tó wà lẹ́yìn ló máa fi agbára tẹ bíréèkì. Aṣíwájú tó mọṣẹ́ máa ń fi kún eré díẹ̀díẹ̀ ni, dígí ló sì ń wò bó ṣe ń ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ nínú dígí mọ́, á dẹ eré. Ẹni iwájú rẹ̀ náà á dẹ eré, títí á fi kan aṣíwájú.

Ní kọ́nà, lórí afárá tóóró, lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, nígbà òjò tàbí nígbà tí ọyẹ́ bá bo ojú ọjọ́, wọ́n á fi ìtò òsì-ọ̀tún sílẹ̀, wọ́n á tò lẹ́yìn ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí ni pé olúkúlùkù nílò gbogbo fífẹ̀ ojú ọ̀nà rẹ̀ láti fi yà. Ohun mìíràn tún wà ní kọ́nà: ibi tí ojú bá tẹjú mọ́ ni alùpùpù ń lọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ iná ẹ̀yìn ẹni iwájú, tí ẹni iwájú bá ya wọgbó, òun náà á tẹ̀ lé e wọgbó.

Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tún ń ya tírélà tàbí táńkà sílẹ̀. Bí aṣíwájú bá ti kọjá, kò gbọ́dọ̀ dẹ eré, kí àyè lè wà fún ẹni tó ń bọ̀. Ẹni kejì á bọ́ sí apá òsì, á wo iwájú fúnra rẹ̀, á wá pinnu. Àyè tí ẹni àkọ́kọ́ rí lè ti dí. Bákan náà, bí iná adarí ọkọ̀ bá di pupa lẹ́yìn tí mẹ́ta ti kọjá, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ dúró, kí àwọn tó ti kọjá sì wá ibi tí kò léwu dúró dè wọ́n.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún ló ń darí eré àti bíréèkì iwájú. Ìka ìlábẹ̀ kan tó nà sókè ni pé kí wọ́n tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìka méjì, kí wọ́n padà sí òsì-ọ̀tún. Ọwọ́ tó nà sílẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn ni pé kí wọ́n dúró. Bí kòtò tàbí epo dídà bá wà lápá òsì, wọ́n á nawọ́ sí i. Bó bá wà lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n máa fi júwe rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí àmì náà á tún un ṣe títí á fi dé ọ̀dọ̀ akẹ́yìn.

Ti akoto kò gba àríyànjiyàn. Àkójọpọ̀ ìwádìí tí àjọ Cochrane gbé jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé akoto ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Nígbà tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan fi igbá borí kí wọ́n má bàa mú wọn. Igbá kò lè gba orí ẹnikẹ́ni là.

Bí ẹnì kan bá ṣubú, akẹ́yìn ló ń dúró tì í, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì yẹ kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà. Ẹnì kan á padà sẹ́yìn lọ dá ọkọ̀ dúró, àwọn yòókù á gbé alùpùpù wọn kúrò lójú títì pátápátá. Ní Nàìjíríà, 122 ni nọ́ńbà FRSC, 112 sì ni ti pàjáwìrì gbogbo. Wọn kò gbọ́dọ̀ yọ akoto lórí ẹni tó farapa, àfi bí kò bá lè mí. Wọ́n á di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kí ó má mì, títí àwọn elétò ìlera á fi dé.