Ta ló ń wọn bàálù kó tó gbéra? Ìṣirò tó kùnà ní Kútọnu gbẹ̀mí èèyàn 141

Bí wọ́n bá gbé àpótí èrò kan lé òṣùwọ̀n ní pápákọ̀ òfuurufú, tí òṣìṣẹ́ ní ó fi kílò mẹ́ta lé, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní owó ni wọ́n ń wá. Ẹlòmíràn á tú àpótí palẹ̀ lójú gbogbo ayé, á kó èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ sínú báàgì ọwọ́, á wá fi apá kan gbé e bí ẹni pé òwú ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé àpótí nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Kò sí ẹni tó ń gbé odidi bàálù pẹ̀lú èrò inú rẹ̀ lé òṣùwọ̀n kó tó gbéra.

Ìṣirò ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti mọ bí bàálù ṣe wúwo tó lófìfo. Wọ́n á ro epo mọ́ ọn, wọ́n á ro ẹrù mọ́ ọn, wọ́n á ka orí èrò, wọ́n á sì fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí òfin fọwọ́ sí, yálà ó sanra ni o, tàbí ó pẹ́lẹ́ńgẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé kan tí wọ́n ń fún awakọ̀. Ìwé yìí ni awakọ̀ yóò gbójú lé láti mọ bí yóò ṣe sáré tó kó tó fa imú bàálù sókè, agbára tí ẹ́ńjìnnì yóò lò, àti bóyá ojú ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ gùn tó.

Bí ẹrù ṣe wúwo tó nìkan kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, ibi tí wọ́n kó o sí náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Gànvié mọ̀ pé atukọ̀ kì í jẹ́ kí gbogbo èrò kóra jọ sí iwájú. Bàálù náà kò yàtọ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù níwájú, imú rẹ̀ kò ní fẹ́ dìde. Bó bá pọ̀ jù lẹ́yìn, imú á ga ju bó ṣe yẹ lọ, bàálù á sì já lulẹ̀. Ṣùgbọ́n atukọ̀ ń fi ojú ara rẹ̀ rí èrò rẹ̀. Awakọ̀ bàálù kò rí inú ibi tí wọ́n kó ẹrù sí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ fún un ló ń gbà.

Èyí ló bí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu, lórílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, lọ́jọ́ Kérésìmesì, 25 oṣù Kejìlá, ọdún 2003. Bàálù Boeing 727 kan tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ UTA ti orílẹ̀-èdè Gínì gbéra láti Conakry, ó sì balẹ̀ sí Kútọnu láti kó èrò sí i. Ó ń lọ sí Kufra ní Líbíà, Beirut àti Dubai. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò náà jẹ́ ará Lẹ́bánónì tó ń ṣòwò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń lọ bá àwọn ẹbí wọn ṣọdún. Àwọn ọmọ ogun Bangladesh tó ń ṣiṣẹ́ àlàáfíà náà wà níbẹ̀.

Àjọ BEA ti ilẹ̀ Faransé, tó bá ìjọba Benin ṣe ìwádìí náà, kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Rúkèrúdò ni wọ́n fi wọ bàálù. Báàgì ọwọ́ pọ̀, ó tún tóbi, débi pé olórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú èrò lọ fi tó ọ̀gá awakọ̀ létí. Àwọn tó ń kó ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sí ẹ̀yìn nígbà tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kan ní kí wọ́n máa kó ìyókù sí iwájú, níbi tí ẹrù mìíràn ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó o títí ibẹ̀ fi kún dẹ́nu. Títí ìwádìí fi parí, kò sẹ́ni tó mọ òṣìṣẹ́ tó pàṣẹ yẹn.

Ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mẹ́ta ọ̀sán lù, oòrùn mú ganrínganrín, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì àti ìyẹ́ bàálù ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù. Nígbà tí eré tó, igbákejì awakọ̀ fa ọ̀pá ìdarí, imú kò dìde. Ọ̀gá rẹ̀ ké sí i pé kó fà á, ó tún fà á gidi, imú wá ń dìde díẹ̀díẹ̀, ojú ọ̀nà sì ti ń tán lọ. Bàálù náà kò tíì kúrò nílẹ̀ dáadáa tó fi kọ lu ilé kékeré kan tí ẹ̀rọ atọ́nà bàálù wà nínú rẹ̀, mítà 118 sí òpin ojú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún já, ó já sí etíkun, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó sì kó sínú òkun. Èèyàn 141 ló kú.

Iye èèyàn tó wà nínú bàálù náà gan-an ńkọ́? Gbogbo ohun tí ìwádìí lè sọ ni pé wọn kò dín ní 160. Níbi tí wọn ò ti lè ka orí èèyàn, ta ni yóò wọn ẹrù? Àbọ̀ ìwádìí sọ pé bàálù náà wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé àwọn awakọ̀ kò mọ̀ pé iwájú ló tẹ̀ sí. Ìwé tí wọ́n fi ṣe ìṣirò kò bá bàálù náà mu, ó sì mú kó dà bí ẹni pé àyè ṣì pọ̀. Ẹ̀bi náà kò mọ sórí awakọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò kún ojú òṣùwọ̀n, àwọn aláṣẹ Gínì kò sì bójú tó o bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Swaziland, tó ń jẹ́ Eswatini báyìí, tó ń mójú tó o ṣáájú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ Áfíríkà nìkan nirú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ní 8 oṣù Kìíní ọdún 2003 yẹn kan náà, bàálù kékeré Air Midwest kan já ní Charlotte, l'Amẹ́ríkà, gbogbo èèyàn 21 inú rẹ̀ sì kú. Àwọn tó tún un ṣe ti so wáyà tó ń darí ìrù rẹ̀ sódì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wúwo jù. Ìwọ̀n èrò tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò. Ara Amẹ́ríkà ti ń sanra, ìwé kò bá wọn sanra. Ìjàǹbá yẹn ló mú kí ìjọba ibẹ̀ fi kún ìwọ̀n náà.

Nígbà mìíràn, ìka ọwọ́ lásán ni. Ní Melbourne, ní 20 oṣù Kẹta ọdún 2009, awakọ̀ Emirates kan fẹ́ tẹ tọ́ọ̀nù 362.9 sínú kọ̀ǹpútà, 262.9 ló tẹ̀. Ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù ti wọmi. Awakọ̀ mẹ́rin ló wà níwájú bàálù náà, kò sẹ́ni tó rí i. Ìrù bàálù náà fi ilẹ̀ họ kí ọ̀gá wọn tó fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì fà á sókè. Orí ló kó èèyàn 275 yọ.

Ti Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 21 oṣù Keje ọdún 2020 fẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò fún ilé-iṣẹ́ TUI gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ "Miss", ọmọdé ni. Bí obìnrin 38 ṣe di ọmọ kékeré nìyẹn, tí kílò 69 ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn di 35. Bàálù náà fi kílò 1,244 wúwo ju ohun tí ìwé sọ lọ. Ó fò láìséwu, nítorí àyè ṣì wà. Kútọnu kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀: ojú ọ̀nà rẹ̀ kúrú, ilé sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀.

Lọ́dún 2023, Air New Zealand ní kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò gun òṣùwọ̀n, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n tòótọ́. Finnair náà ṣe é lọ́dún 2024, tòun ti báàgì ọwọ́ wọn. Àwọn tó wádìí Kútọnu béèrè ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní kí bàálù tuntun máa ní ẹ̀rọ tí yóò wọn ara bàálù fúnra rẹ̀, tí yóò fi hàn awakọ̀ bó ṣe wúwo tó àti ibi tó tẹ̀ sí, kí ó sì máa kọ ọ́ pamọ́. Àwọn fúnra wọn, àbá àti ìṣirò ni wọ́n fi wá ìwọ̀n Boeing yẹn lẹ́yìn tó ti wà nínú òkun.