Kí a tó so ilé ọmọ, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ síso ilé ọmọ la mú wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọkọ náà wá sídìí rédíò.

Kí là ń pè bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ abẹ ni. Dókítà á so ọ̀nà méjèèjì tí ẹyin obìnrin ń gbà wọ inú ilé ọmọ, tàbí kó gé e. Wọn ò yọ ilé ọmọ o. Nǹkan oṣù á ṣì máa wá. Ṣùgbọ́n títí ayé ni. Títú u padà ṣòro, owó rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ló ń yọrí sí oyún.

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ṣe é ni ọkàn wọn balẹ̀. Àwọn kan sì ń kábàámọ̀. Kí ló dé?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí tẹ̀lé obìnrin tó lé ní 11,000 tó ṣe é. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999. Nínú 100 tí kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tí wọ́n ṣe é, nǹkan bí 20 ló sọ pé àwọn kábàámọ̀ kí ọdún 14 tó pé. Nínú 100 tó ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, nǹkan bí 6 ni. Àwọn tí ìjà ńlá wà láàárín wọn àti ọkọ wọn kí wọ́n tó ṣe é náà kábàámọ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 26 ni, ó ti bí mẹ́ta. Ó ń rọbí, ìrora mú un, wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé. Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọkọ kú, ó lọ sílé ọkọ mìíràn, ìyẹn sì ń wá ọmọ. Ta ló máa bá a gbé ẹjọ́ yẹn?

Nítorí náà, ẹ bi ara yín:

1. Ọmọ ọdún mélòó ni mí?
2. Ta ló fẹ́ ẹ, èmi ni àbí ẹlòmíràn?
3. Bí ọkọ bá kú, bí ilé bá tú, bí ọmọ bá kú (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o), ṣé mi ò ní fẹ́ bí mọ́?
4. Ṣé wọ́n ti ṣàlàyé àwọn ọ̀nà yòókù fún mi? Ọ̀pá kékeré abẹ́ awọ apá ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 sí 5. DIU oníbàbà lè tó ọdún 10. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bímọ, wọ́n á yọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ ti ọkùnrin náà wà, ó sì rọrùn ju ti obìnrin lọ. Ṣùgbọ́n títí ayé ni ká ka ìyẹn náà sí.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ìyá tó ti ronú, tó mọ̀ pé ọmọ tó òun, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró. Ohun tí à ń sọ ni pé inú oyún ni kí ẹ ti bá agbẹ̀bí sọ ọ́, kì í ṣe lórí ìrọbí. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí ìwé, ẹ ṣì lè sọ pé ẹ ò ṣe mọ́, kódà ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Àwọn àgbà ní, bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín: ní abúlé yín, ta ló ń pinnu iye ọmọ tí obìnrin máa bí? Ẹ jíròrò rẹ̀, kí ẹ mú èsì yín wá. Ó dàbọ̀ o.