Kíláàsì Áàtì Kì Í Ṣe ti Olódo: Ohun tí Ó Yẹ kí Òbí Mọ̀ kí Ọmọ Tó Wọ SS1

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà,   ọ̀rọ̀ ilé-ìwé la fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí. Owó ilé-ìwé ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú èrè ọjà wa lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ni ò mọ ohun tí à ń sanwó fún.

Bí ọmọ bá ṣe tán ní JSS3 tó fẹ́ wọ SS1, ilé-ìwé máa bi í pé kíláàsì wo ló ń lọ: ṣé Sáyẹ́ǹsì ni, ṣé Kọ́máṣà ni, àbí Áàtì? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní, "Sáyẹ́ǹsì ni ọmọ tèmi máa ṣe, dókítà ni mo fẹ́." Ẹlòmíràn á ní, "Ọlọ́jà ni mí, Kọ́máṣà ni kí wọ́n fi tèmi sí." Bí títíṣà bá wá ní Áàtì ló yẹ ọmọ, inú á bí wa, àfi bíi pé wọ́n pe ọmọ wa ní olódo. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó ń ta gàárì kì í wo ẹni tó ń ta aṣọ kó ní kò mọ ọjà. Ìsọ̀ ló yàtọ̀, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ SS1 ti wá

Láti ọdún 1982 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4 ní orílẹ̀-èdè wa: ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 3 ní JSS, ọdún 3 ní SS, ọdún 4 ní yunifásítì. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa, nígbà tí Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá wà lórí oyè láti 2010 sí 2018, wọ́n yí i sí Elementary, Middle àti High School. Ní ọdún 2020, ìjọba Gómìnà Oyètọ́lá dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà kí ọ̀rọ̀ má dà rú mọ́ wa lójú: ẹnu ọ̀nà SS1 ni ọmọ ti ń yà, ibi tó bá sì yà sí ló máa sọ irú iṣẹ́ tó lè kọ́ lẹ́yìn ọ̀la.

Kí ni wọ́n ń kọ́ ní Áàtì?

Ẹ̀kọ́ nípa èdè, nípa ìtàn, nípa ìlú àti ìgbàgbọ́, àti nípa bí ènìyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni. Àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ nìyí:

1. Èdè Gẹ̀ẹ́sì. Dandan ni fún gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n fún ọmọ Áàtì, òun ni òpó ilé.
2. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìtàn, eré orí ìtàgé àti ewì ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ti Áfíríkà àti ti òkè òkun.
3. Gọ́fúmẹ́ǹtì. Bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́, bí òfin ṣe ń jáde.
4. Ẹ̀kọ́ ìtàn, tí wọ́n ń pè ní Hístírì.
5. Ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìyẹn CRS, tàbí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, ìyẹn IRS.
6. Èdè Yorùbá. Ẹ má fojú di í o, ọmọ tó bá gba kírẹ́díìtì níbẹ̀ gba kírẹ́díìtì gidi.

Ìṣirò náà wà níbẹ̀. Àwọn ilé-ìwé mìíràn máa ń fi Ẹkonọ́míìsì, èdè Faransé tàbí iṣẹ́ ọnà kún un. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2025, ọmọ yóò tún mú iṣẹ́ ọwọ́ kan, bí aṣọ rírán tàbí àtúnṣe fóònù.

Iṣẹ́ ibẹ̀ ò rọrùn. Ọmọ Áàtì gbọ́dọ̀ ka ìwé tó nípọn, kó rántí ohun tó kà, kó rò ó, kó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ewé mẹ́rin mẹ́rin, kó sì lè dìde dúró sọ ọ́ láàárín ènìyàn. Ọmọ tí kò bá fẹ́ràn ìwé kíkà, Áàtì á ni ín lára ju Sáyẹ́ǹsì lọ. Ẹ wo ọmọ yín nílé. Ọmọ tó ń ka bébà tí a fẹ́ fi di ẹ̀pà kó tó jẹ́ kí a dì í, ọmọ tó lè ròyìn ìjà àdúgbò kí ó má fi ibì kankan sílẹ̀, ọmọ tó ń bá wa jiyàn tí a ò sì rí èsì fún un, ẹ má pè é ní aláròyé. Ibi tí orí dá a sí nìyẹn.

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan lè ti ilẹ̀kùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọ̀kan nínú wa, mi ò ní dárúkọ. Láti kékeré lọmọ yìí ti ń sọ pé lọ́yà lòun fẹ́ ṣe. Ìyá rẹ̀ ní kó wọ Kọ́máṣà, kó lè bá òun mójú tó ìsọ̀. Ọmọ gbọ́rọ̀ sí ìyá lẹ́nu. WAEC dé, ó yege, gbogbo wa bá wọn yọ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹni tí yóò ka òfin ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ò sì jókòó níbẹ̀ rí. Ó ní láti padà lọ kọ́ ọ, kó sanwó lẹ́sìnnì, kó sanwó ìdánwò mìíràn. Ọdún kan odidi lọ lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ìyá náà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé fún un lásìkò.

Bó ṣe rí nìyí. Ní WAEC, sọ́bújẹ́ẹ̀tì 8 tàbí 9 ni ọmọ ń ṣe. Ní JAMB, mẹ́rin ni, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ẹni tó fẹ́ ka òfin á mú Gẹ̀ẹ́sì, Lítíréṣọ̀ àti méjì mìíràn. Ẹni tó fẹ́ ka iṣẹ́ ìròyìn, tí wọ́n ń pè ní Mass Communication, á mú Gẹ̀ẹ́sì àti mẹ́ta nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì Áàtì tàbí ti ìmọ̀ àwùjọ bíi Gọ́fúmẹ́ǹtì àti Ẹkonọ́míìsì.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ń kọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kírẹ́díìtì ìṣirò ò ní jẹ́ dandan mọ́ fún ọmọ Áàtì láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kò pẹ́ tí wọ́n tún ṣàlàyé pé ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìṣirò. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọ ju ìwé ìṣirò sí ẹ̀yìn àpótí. Ẹni tó ní i kò pàdánù nǹkan kan.

Ìwé Lítíréṣọ̀ náà tún ṣe pàtàkì. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni WAEC ń yí ìwé tí wọ́n ń kà padà. Ti 2021 sí 2025 ti kọjá, ti 2026 sí 2030 ló wà lóde báyìí. Ẹ má ra ògbólógbòó ìwé ẹ̀gbọ́n fún àbúrò láìbéèrè lọ́wọ́ títíṣà, kó má di owó inú omi.

Níbo ni Áàtì ń gbé ọmọ lọ?

Kò jìnnà sí wa. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ń kọ́ òfin ní Ifẹ́tẹ̀dó, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà ní Ìkirè. OAU wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó wà ní Iléṣà náà ti di Yunifásítì Iléṣà. Ọmọ Áàtì lè di lọ́yà, títíṣà, akọ̀ròyìn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní OSBC Òkè Baálẹ̀, ògbufọ̀, òṣèré, tàbí ẹni tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń gbà láti máa bá aráyé sọ̀rọ̀.

Ẹ wo àwọn tiwa. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó, tí wọ́n bí ní Iléṣà ní 1925, dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Bọ́lá Ìgè ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, tó ṣe gómìnà Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983 nígbà tí àwa náà ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, òfin ló kà. Dúró Ládiípọ̀ ọmọ Òṣogbo, títíṣà ni tẹ́lẹ̀. Eré Yorùbá ló gbé e dé Berlin ní Jámánì ní 1964. Àwọn obìnrin náà ò gbẹ́yìn. Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí wọ́n rí lórí tẹlifísọ̀n WNTV n'Ibàdàn ní 1959. Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólańkẹ́ kọ́ ọmọ ní Látíìnì àti ìṣirò kó tó ka òfin, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN, ní 1981. Èwo ni olódo nínú wọn?

Ohun tí ẹ máa ṣe

Kí ọmọ tó parí JSS3, ẹ fi ọmọbìnrin yín tàbí aládùúgbò sí ìsọ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ lọ sí ilé-ìwé. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí olùtọ́nisọ́nà, ẹni tí wọ́n ń pè ní káńsẹ́lọ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá pírínsípà. Ẹ má tijú pé ẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ni kí ẹ sọ. Ẹ bèèrè pé:

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì wo ni ọmọ mi mọ̀ jù láti JSS1? Ṣé ẹ ní títíṣà Lítíréṣọ̀ tó ń wọ kíláàsì lóòótọ́? Iṣẹ́ tí ọmọ mi sọ pé òun fẹ́ ṣe, sọ́bújẹ́ẹ̀tì wo ló ń fẹ́? Bó bá ti wọ kíláàsì tí kò bá a mu, ìgbà wo ni ó ṣì lè yí i?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe kókó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ SS1 ó rọrùn láti yí i. Tó bá di SS2, ọmọ ti pàdánù púpọ̀. Tí wọ́n bá ti fi orúkọ sílẹ̀ fún WAEC ní SS3, ó ti bọ́.

Ẹ tún bi ọmọ fúnra rẹ̀ léèrè, kí ẹ sì jẹ́ kó fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Bó bá ní Áàtì lòun fẹ́ nítorí ọ̀rẹ́ òun wà níbẹ̀, ìyẹn ò tó. Bó bá ní nítorí òun ò fẹ́ ìṣirò, ìyẹn náà ò tó. Ṣùgbọ́n bó bá lè sọ ohun tó fẹ́ dà àti ìwé tó fẹ́ràn, ẹ fi í sílẹ̀ kó lọ, kí ẹ fi owó àti àdúrà tì í.

Ọlọ́run á jẹ́ kí a jèrè ọmọ. Owó tí à ń ná lé wọn lórí kò ní ṣòfò. Ọjà á tà o.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.